Ohun Tí Fadérera Sọ ní Kóòtù Agbede

Iná kò tàn.

Fadérera tún gèlè rẹ̀ wé, ó wo àpótí tó wà lórí tábìlì bí ẹni ń wo orogún tó mọ àṣírí ẹni. Àpótí dúdú kan ni, kò tóbi ju ìkòkò ọbẹ̀ lọ. Wáyà kan ti ẹ̀yìn rẹ̀ gba ojú fèrèsé gun orí òrùlé, níbi tí wọ́n tẹ́ àwọn sólà kóòtù sí. Gíláàsì róbótó kan wà níwájú rẹ̀ bí ojú. Bí ọ̀rọ̀ èèyàn bá bá èyí tó wà nínú rẹ̀ mu, ojú náà á tàn bí ewé tuntun. Bí kò bá mu, á ṣú, bó ṣe ṣú yìí.

"Ẹ̀ẹ̀kan nìyẹn, Ìyá," ni Oyèníran, akọ̀wé kóòtù, wí. Ó fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà kan sára tábìlì. "Ó ku méjì."

"Bóyá kò gbọ́ mi dáadáa."

"Etí Ìyá Àgbà kì í di." Orúkọ tí gbogbo agbègbè Agbede sọ ẹ̀rọ náà nìyẹn, nítorí pé ó máa ń rántí ohun tí èèyàn sọ nígbà èwe, kì í sì í jẹ́ kí ẹni náà sẹ́ ẹ. "Ó gbọ́ yín. Ohun tí ẹ sọ ni kò bá ohun tó gbọ́ lẹ́nu yín níwájú adájọ́ lọ́jọ́ náà mu."

Ìbídùn, ọmọ Fadérera, jókòó tì í lórí bẹ́ńṣì, ó gbé ọwọ́ lé orúnkún ìyá rẹ̀. Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni. Iṣẹ́ ìtọ́jú ẹran ló ń ṣe, ọwọ́ rẹ̀ sì ní sùúrù, irú èyí tí màlúù tó ń rọbí á gbà kó kàn án lára.

"Ẹ fara balẹ̀, Màámi," ó wí. "Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n kì í ṣe àná. Ẹ rọra máa rántí."

Ọ̀rọ̀ tútù náà ta Fadérera lára bí ata. Ì bá sàn kí ọmọ náà bú òun.

Kò sí ohun tó gbàgbé. Ohun tó sọ fún ẹ̀rọ náà ni ohun tó ti ń sọ fún Ìbídùn láti ìgbà tí ọmọ náà ti gbọ́n tó láti béèrè: pé Látóyè bàbá rẹ̀ kò wá sí kóòtù, pé wọ́n dúró dè é títí oòrùn fi kan àtàrí, pé adájọ́ ní bàbá tí kò lè wá nítorí ọmọ rẹ̀ kò lọ́mọ, ó sì fa ọmọ lé ìyá lọ́wọ́. Ó ti sọ ọ́ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí òun fúnra rẹ̀ fi ń rí bẹ́ńṣì tó ṣófo náà, pẹ̀lú eruku lórí rẹ̀.

"Akọ̀wé," ni Ìbídùn wí, "ṣé kò sọ́nà mìíràn? Ìka ìyá mi wà nínú ìwé ọjọ́ náà. Ohùn rẹ̀ nìyí, ojú rẹ̀ nìyí."

Oyèníran rẹ́rìn-ín, kì í ṣe ẹ̀rín ẹlẹ́yà. "Ìka, ẹ̀gbọ́n? Lọ́dún tó kọjá, ọkùnrin kan gbé ìka bàbá rẹ̀ wá síbí nínú ike. Ẹ̀rọ ló fi tẹ̀ ẹ́ jáde, bàbá sì wà nílé, ìka rẹ̀ mẹ́wàá pé. Ohùn ńkọ́? Ọmọ ilé ìwé lè ṣe ohùn ìyá yín kí ilẹ̀ tó ṣú, kó tún fi ikọ́ rẹ̀ sí i. Ojú, ohùn, ìka, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń rọ bí ẹni rọ ọkọ́. Ohun kan ṣoṣo tí ẹnikẹ́ni kò tíì rí rọ ni èyí tó wà nínú yín tí ẹ kò sọ fún ẹnì kan."

"Kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò nígbà náà, pẹ̀lú ti àwọn ẹbí rẹ̀."

"Ẹ rọra. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbọ́ yẹn lẹ́nu yín níbí. Ìdílé tí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tú pọ̀ ju èyí tí ogun tú lọ, òfin sì ti kà á léèwọ̀. Ẹni tí ìyá bá pè ní bàbá níwájú adájọ́, òun ni bàbá. Ẹ ṣáà mọ̀ pé ìyá ló mọ baba ọmọ."

Fadérera wo ilẹ̀. Ó ti pẹ́ tí òwe yẹn ti di ẹ̀gún sí i lọ́fun.

Ó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án kí Ìbídùn wọlé ọkọ. Ìyá ọkọ rẹ̀ kì í ṣe ẹni burúkú. Ó ti wá sílé, ó jókòó lórí ẹní, ó mu omi, ó wá sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ́jẹ́ pé: "A ò sọ pé kí bàbá ọmọ yín má tíì kú o. Òkú bàbá, bàbá náà ni. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ kànga ilé wa, a kì í gbé e fún ẹni tí kò ní ìwé bàbá. Ẹ bá wa gba ìwé náà ní kóòtù." Bí àpótí náà kò bá tàn kí ó sì ṣí àkọsílẹ̀ ọjọ́ náà lónìí, ọmọ ìjọba ni wọn óò kọ Ìbídùn sí. Wọn óò fi ẹ̀gbà funfun sí i lọ́wọ́, omi ẹ̀rọ ojú títì ni yóò máa pọn, òun àti ọmọ tó bá bí, lẹ́yìn tí gbogbo èèyàn bá ti pọn tán.

"Ẹ jẹ́ kí n gba atẹ́gùn díẹ̀," ni Fadérera wí.

Bàbá Láyíwọlá wà lórí bẹ́ńṣì lábẹ́ igi níta, ó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Àkọsílẹ̀ ẹjọ́ ilẹ̀ bàbá rẹ̀ ló ń wá, ó ti di ọjọ́ ọjà mẹ́rin tó ti ń wá a. Ó gbé orí sókè.

"Ìyá Ìbídùn, ẹ̀ẹ̀mélòó?"

"Ẹ̀ẹ̀kan."

"Ọmọdé ṣì ni yín. Èmi ti jẹ méjì. Mo sọ gbogbo rẹ̀ láìṣe àṣìṣe, ilẹ̀, igi ààlà, ó fẹ́ tàn, mo dé ibi ajá, ó kú."

"Ajá wo?"

"Mo mọ̀ pé mo pe nǹkan kan ní ajá lọ́jọ́ náà. Mo ní ajá kan ló ṣèèṣì wọ kóòtù, mo sì lé e jáde. Ó ní rárá." Ó ha irùngbọ̀n rẹ̀. "Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi la jọ dúró níwájú adájọ́, Ìyá Ìbídùn. Ẹ̀rù ń bà mí pé kò sí ajá kankan níbẹ̀."

Fadérera fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò kọjá àyà. Ó bu omi mu nínú àmù, ó padà wọlé.

Ó jókòó. Ìbídùn tún gbé ọwọ́ lé e lórúnkún. Oyèníran fi orí sọ fún un pé kó máa bá a lọ.

"Látóyè wá," ó wí fún gíláàsì náà. "Ó wá sí kóòtù. Ó jókòó síwájú. Kò sọ̀rọ̀ kankan. Adájọ́ sì gbé ọmọ fún mi."

Ojú àpótí náà pọ́n díẹ̀, bí ẹyín iná tí wọ́n fẹ́. Lẹ́yìn náà, ó kú.

Ọwọ́ Ìbídùn kúrò lórúnkún rẹ̀.

"Ẹ̀ẹ̀méjì," ni Oyèníran wí, ó fa ìlà kejì. "Ó ti súnmọ́ ọn, Ìyá. Ẹ̀ẹ̀kan ló kù. Lẹ́yìn rẹ̀, ìda ni màá fi dí i."

"Ẹ ní kò wá," ni Ìbídùn wí. Ohùn rẹ̀ kò ga. "Láti kékeré ni ẹ ti ní kò wá."

"Mo sọ bẹ́ẹ̀."

"Lọ́dún tó kọjá, nígbà tó kú, àwọn ẹbí rẹ̀ ránṣẹ́ pé kí n wá da yẹ̀pẹ̀ sí i lórí. Mo ní kí wọ́n lọ sọ fún un nínú pósí rẹ̀ pé ẹni tí kò lè wá kóòtù nítorí mi, n kò lè wá sétí isà nítorí rẹ̀. Ẹ wà níbẹ̀, Màámi. Ẹ ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́. Ẹ kò gbé orí sókè."

Òótọ́ ni. Fadérera rántí atẹ ẹ̀wà náà. Ó rántí pé òun ṣa òkúta méje kúrò nínú rẹ̀ kí oníṣẹ́ náà tó jáde, pé òun kà wọ́n kí òun má baà gbọ́ ohun tí ọmọ òun ń sọ.

Oyèníran ti ń wo ìyá, ó ń wo ọmọ. Ó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ náà. Ó fi ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀.

"Ìyá, òfin ní kí n sọ èyí fún yín. Ẹ lè dákẹ́. Ẹnikẹ́ni kò ní fipá mú yín. Bí ẹ bá dákẹ́, màá dí i, ohun tó wà nínú rẹ̀ á wà níbẹ̀ títí ayé, ọmọ yín á gba ẹ̀gbà funfun. Bí ẹ bá sì sọ ọ́, tó ṣí, ọmọ yín gbọ́dọ̀ gbọ́ gbogbo rẹ̀, nítorí òun ló béèrè. Bí ohun kan bá wà níbẹ̀ tí ẹ fẹ́ yí padà, ẹ lè tún un sọ. Ṣùgbọ́n a óò lẹ àtúnsọ náà mọ́ ilẹ̀kùn kóòtù pẹ̀lú àwòrán yín, ọjọ́ ọjà méje ni yóò fi wà níbẹ̀."

"Tí mo bá tún un sọ, ṣé ọmọ mi á gba ìwé?"

Oyèníran wo ìwé rẹ̀. "Ẹni tí àtúnsọ kàn gbọ́dọ̀ gbà á pẹ̀lú ẹnu ara rẹ̀. Ẹ ní ó ti kú."

"Ó ti kú."

"Nígbà náà, n kò lè fi ọkàn yín balẹ̀."

Fadérera wo ìlà méjì tó wà lára tábìlì. Ọ̀nà tó mú ìtìjú wá wà níwájú òun, kò sì sí ẹni tó lè sọ pé ó dé ibì kan. Ọ̀nà kejì rọrùn. Kó sáà sọ pé orí òun ti dàrú. Ìbídùn á gbà á. Ìbídùn á fa òun dìde, á di òun lọ́wọ́ mú lọ sílé, á fi ẹ̀gbà funfun pọn omi, á sì máa tọ́jú ìyá rẹ̀ arúgbó tó gbàgbé nǹkan. Yóò máa tọ́jú òun dáadáa. Ìyẹn gan-an ni ara rẹ̀ kò lè gbà.

"Yí ojú sí ibòmíràn," ó wí fún ọmọ rẹ̀.

"Rárá," ni Ìbídùn wí.

Ó wá bẹ̀rẹ̀.

"Látóyè ti dé kóòtù kí n tó dé. Aṣọ òfì tó fi gbé mi níyàwó ló wọ̀. Ó mú bàtà kékeré kan dání, pupa, tuntun, ó so okùn rẹ̀ pọ̀. Nígbà tí wọ́n pè wá, ó gbé e sórí tábìlì adájọ́. Ó ní, 'Ọmọ mi ń fi ẹsẹ̀ lásán rìn.' Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Ojú tì í, ṣùgbọ́n kò gbé bàtà náà kúrò.

"Àwa méjèèjì kò bá ara wa jà. Ìgbé ayé wa ni kò wọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ti sọ fún mi lójú ọ̀nà oko pé bí o bá ti pé ọdún méje, ilé bàbá rẹ ló ni ọ́, ìlú ńlá ni wọn óò mú ọ lọ, n kò ní fojú kàn ọ́ mọ́. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni ọ́. Ẹ̀rù bà mí. Òfin pé ẹni tí ìyá bá pè ni bàbá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lọ́dún náà. Obìnrin kan ní agbo ilé wa ní, 'Kí lò ń sunkún fún? Ìyá ló mọ baba ọmọ. Sọ pé kì í ṣe òun ló ni ín, wọn óò pa ìwé dé.'

"Adájọ́ bi mí pé ta ló ni ọmọ yìí. Mo wo bàtà náà."

Níta, Bàbá Láyíwọlá ti dákẹ́ ọ̀rọ̀ tó ń bá ara rẹ̀ sọ, Fadérera sì mọ̀ pé pákó tí wọ́n fi dá yàrá náà kò nípọn.

"Mo ní kì í ṣe òun. Mo ní ọkùnrin kan tó wá tún ẹ̀rọ omi ṣe, tó sùn sí abúlé wa fún ọjọ́ mẹ́ta, òun ló ni ín. Mo ní n kò mọ orúkọ rẹ̀. Kò sí irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀, Ìbídùn. Kò sẹ́ni tó wá tún ẹ̀rọ kankan ṣe. Mo sọ ọ́ lójú gbogbo ìlú, lójú ẹni tó mú bàtà wá. Lẹ́yìn náà mo tẹ ìka. Mo kó bàtà náà lórí tábìlì, mo pọ̀n ọ́, mo jáde. N kò wo ojú rẹ̀."

Iná tàn. Àwọ̀ ewé rẹ̀ bo ọwọ́ Fadérera, ó bo ìlà ṣọ́ọ̀kì méjèèjì.

"Bàtà pupa yẹn," ni Ìbídùn wí. "Ẹ ní ẹ̀yin lẹ rà á fún mi."

"Mo sọ bẹ́ẹ̀."

"Mo wọ̀ ọ́ títí ó fi ń gé mi lọ́mọ ìka ẹsẹ̀. N kò jẹ́ kí ẹ sọ ọ́ nù. Mo ní ìyá mi ló rà á."

Ohùn kan ti ń jáde nínú àpótí náà, ohùn obìnrin, ó mú, ó yá, kò gbọ̀n rárá. Ó pẹ́ díẹ̀ kí Fadérera tó mọ̀ pé ohùn ara òun ni. Ó gbọ́ ọ tó ń parọ́ náà, ọ̀rọ̀ kan tẹ̀lé èkejì, bí ẹni ń ka ìṣirò tó ti há sórí. Ó gbọ́ ariwo àwọn èèyàn. Ó gbọ́ ilẹ̀kùn. Ìyẹn ni ìgbà tí òun jáde.

Ṣùgbọ́n àpótí náà kò dákẹ́.

"Látóyè," ni ohùn adájọ́ wí, "o gbọ́ ohun tí obìnrin yìí sọ. Ṣé o fẹ́ jà á níyàn?"

Ẹnì kan wúkọ́.

"Rárá, Olúwa mi. Bí mo bá jà á níyàn, ẹ óò kọ ọ́ sílẹ̀ pé òpùrọ́ ni, ilé òpùrọ́ ni ọmọ mi á sì ti dàgbà." Ohùn ọkùnrin náà rọlẹ̀, ó dà bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ pẹ̀lú fìlà lọ́wọ́. "Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ẹ bá mi kọ nǹkan kan. Bó bá padà wá lọ́jọ́ kan láti yí ọ̀rọ̀ náà padà, ẹ má wá mi kiri kí n tó gbà. Mo lè má sí níbẹ̀. Ẹ kọ ọ́ pé mo ti gbà lónìí."

"Kò sí irú òfin bẹ́ẹ̀, Látóyè."

"Ẹ ṣáà kọ ọ́, Olúwa mi."

Kálàmù ń ha lára ìwé. Lẹ́yìn náà, ọkùnrin náà tún béèrè, bí ẹni pé ó ti ń lọ, tó wá yíjú padà.

"Bàtà náà ńkọ́?"

"Ó mú un lọ."

"Ó dáa," ni Látóyè wí. "Ó dáa bẹ́ẹ̀."

Gíláàsì náà padà di dúdú. Oyèníran bá ìwé rẹ̀ jìjàkadì fún ìgbà díẹ̀, ó ń ṣí ojú ewé tí kò nílò. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn iṣẹ́ ni ó fi sọ ọ́.

"Ó ti gbà. Ó wà lákọsílẹ̀. Ìyá, ta ni bàbá ọmọ yìí?"

Ó ti ìkòkò tàdáwà sọ́dọ̀ rẹ̀, kó ki ìka bọ̀ ọ́, bí àwọn àgbà obìnrin agbègbè náà ti máa ń ṣe. Fadérera tì í padà.

"Fún mi ní kálàmù."

Ọdún mẹ́fà sẹ́yìn ló kọ́ ìwé, ní kíláàsì àwọn àgbà, nígbà tó ti lé ní àádọ́ta. Ó ti kọ orúkọ ara rẹ̀, ó ti kọ ti Ìbídùn, ó ti kọ lẹ́tà sí ẹni tó ń ta irúgbìn fún un. Kò tíì kọ orúkọ yìí rí. Lẹ́tà àkọ́kọ́ ya ìwé náà díẹ̀, ó fi àtàǹpàkò tẹ ibi tó ya náà, ó sì kọ ìyókù. Ó pẹ́. Ẹnikẹ́ni kò ràn án lọ́wọ́.

Oyèníran ya àwòrán rẹ̀ fún ilẹ̀kùn. Ó ní kó gbé ojú sókè díẹ̀. Kò lè gbé e. Ó ya á bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí wọ́n jáde, oòrùn ti kọjá orí. Bàbá Láyíwọlá ń wo igi bí ẹni pé igi náà ń bá a sọ̀rọ̀. Fadérera fẹ́ kọjá. Bàbá náà dìde, ó gbọn ẹ̀yìn aṣọ rẹ̀ nù.

"Ẹ̀gbọ́n mi ni," ó wí, kò wo ojú rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi ni mo pè ní ajá." Ó sì wọlé lọ.

Ìbídùn dúró létí títì, ìwé bàbá rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀ nínú àpò ike. Ọ̀nà ilé wà lápá ọ̀tún. Apá òsì ni abúlé àwọn Látóyè wà, kò ju ìrìn wákàtí kan lọ, ọ̀nà eléruku tí kò sí igi.

"Ṣé ẹ mọ ojú oórì rẹ̀?" ó béèrè.

Fadérera ti lọ síbẹ̀, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́yìn tí wọ́n sìnkú náà tán, lọ́sàn-án gangan tí gbogbo èèyàn wà lóko. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Kò da yẹ̀pẹ̀ kankan, torí kò mọ̀ bóyá ó tọ́ sí òun.

"Mo mọ̀ ọ́n," ó wí.

Ó retí kí ọmọ rẹ̀ bi í bí ó ṣe mọ̀ ọ́n. Ìbídùn kò bi í. Láti ìgbà tó ti mọ ìrìn ni wọ́n ti ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lójú ọ̀nà, ọmọ á di ìyá lápá mú. Lónìí, ó bọ́ sẹ́yìn.

"Ẹ máa lọ níwájú," ó wí.

Fadérera yà sápá òsì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ó ń gbọ́ ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀ lẹ́yìn, kò jìnnà, kò sún mọ́. Ó mọ ibi tí ojú ọmọ náà wà. Ó wà ní ẹ̀yìn rẹ̀, ní àárín èjìká méjèèjì, níbi tó fi pọ̀n ọ́n jáde ní kóòtù lọ́jọ́ náà. Kò wẹ̀yìn. Ó ń lọ, ó ń fi ọ̀nà hàn án.